Ráífù tó ń ta síbí lónìí, tó ń ta sọ́hùn-ún lọ́la: ibo gan-an ni wàhálà ọ̀hún wà?

Tí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ará wa tó ń dọdẹ ní Texas bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: kí ló dé tí ráífù mi ń ṣe báyìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ihò mẹ́ta fara kanra lórí pépà, lónìí ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sápá òsì, ìkẹta ò tiẹ̀ mọ ibi tó gbà. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ sikóòpù, ìyẹn awò orí ìbọn, ẹlòmíì á ní bárẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, ti gbó, ẹlòmíì á ní ọta tẹ́ ẹ rà ni ò dáa, kí onítọ̀hún sì tó mọ̀ ó ti náwó gọbọi sórí nǹkan tó jẹ́ pé sukúrúù kan ṣoṣo ló ń fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tèmi ni pé bárẹ́ẹ̀lì ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí kẹ́yìn, òun sì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣá, ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ ṣí ìdí ẹ̀, ẹ fojú wò ó, ẹ fìka tọ́ ọ wò, kó dá yín lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò ní tún un sọ mọ́.

Ẹni tó bá dàgbà sílé ọdẹ lè máa rò ó pé ìbọn náà kúkú ni ìbọn. Rárá o. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ò ní ilà kankan, ohun tí wọ́n kì sí i ló máa tú jáde, ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran dáadáa. Ráífù ní tiẹ̀, wọ́n fa ilà tó lọ́ yípo sínú bárẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ilà yẹn máa ń di ọta mú, á mú kó máa yí bó ṣe ń jáde lọ, yíyí yẹn ni ò jẹ́ kó máa tàkìtì lójú ọ̀nà. Torí ẹ̀ lèèyàn fi lè jókòó ní 200 yáàdì kó sì mọ ibi tí ọta máa bà. Àmọ́ ìbọn tó mọ iṣẹ́ tó báyìí, nǹkan bíńtín tí ṣakabùlà ò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, òun á mọ̀ ọ́n, á sì gbé e sórí pépà fún yín.

Nǹkan tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé wọn kì í ya àìsàn mẹ́ta sọ́tọ̀. Tí ọta márùn-ún bá kóra jọ sójú kan, àmọ́ tójú kan yẹn fi ínǹṣì 4 wà lápá ọ̀tún ibi tẹ́ ẹ fojú sùn, ìbọn yín ò ṣàìsàn rárá, sikóòpù lẹ kàn máa yí. Nínú ọ̀pọ̀ sikóòpù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, bó bá ṣe dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ó ti sún ọta ní ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ní 100 yáàdì nìyẹn, kẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀ 16 lẹ máa yí, ó parí. Àìsàn kejì ni kí ọta fọ́n ká, kò sójú kan pàtó tẹ́ ẹ lè pè ní ibi tí wọ́n ń bà. Ìyẹn ni ò gbọ́ sikóòpù. Mo ti rẹ́ni tó ń fi sikóòpù lé ọta kiri, ó yin ọ̀kan, ó lọ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yin ìkejì, ó lọ sósì, ó tún yí i padà, báyìí báyìí títí páálí ọta 20 fi tán, kò tún nǹkan kan ṣe. Àìsàn kẹta ló wá burú jù torí pé alárékérekè ni: ọta ń kóra jọ dáadáa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kóra jọ sí ń ṣí kiri láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ká tó lọ síbi àtúnṣe, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń jẹ́ "dáadáa" ná. Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ MOA, MOA (minute of angle). Ìwọ̀n igun ni: ẹ pín dìgírì kan sọ́nà 60, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni MOA kan. Ní 100 yáàdì ó fi díẹ̀ lé ní ínǹṣì 1, ní 200 yáàdì ó di bí ínǹṣì 2. Àyà àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pa ní Texas, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ wà, fẹ̀ tó bí ínǹṣì 8. Ìbọn tí ọta ẹ̀ ń kóra jọ sínú ínǹṣì 2 ní 100 yáàdì, ínǹṣì 4 ló máa jẹ́ ní 200, inú àyà ẹran ló ṣì wà. Kí wá ni ti sísá lé ìlàjì ínǹṣì kiri? Ẹni tó bá ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé tòun ò ju ìlàjì lọ, ẹ bi í pé ihò mélòó ló wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í pé pépà mélòó ló jù nù kó tó ya fọ́tò èyí.

Mo sọ ìyẹn torí pé ọta mẹ́ta máa ń parọ́. Ìbọn kan náà, ọta kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí nǹkan tó yí padà, ó lè kó ọta mẹ́ta sínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì lówùúrọ̀ kó sì fi mẹ́ta míì sínú ínǹṣì méjì lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé nǹkan kan bà jẹ́ láàárín méjèèjì, bí ìbọn yẹn ṣe rí gan-an ni, ọta mẹ́ta ló kéré jù láti fi í hàn. Nítorí náà ẹ yin márùn-ún márùn-ún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, sórí pépà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá gbé pépà méjèèjì léra wọn sínú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo gbogbo ihò náà pa pọ̀. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ "ìbọn mi ti bà jẹ́" ló máa parí síbẹ̀, torí ẹ̀ẹ́ rí i pé bó ṣe ń ta látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á nìyẹn, orí ló kàn bá yín ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò.

Tó bá wá dá yín lójú pé nǹkan kan ń ṣe é lóòótọ́, pépà yẹn náà lẹ máa kọ́kọ́ bi léèrè. Ihò tó tò lérí ara wọn bí ẹni ń gun àkàbà sábà máa ń jẹ́ pé bárẹ́ẹ̀lì ń gbóná ó sì ń fara ti igi ìbọn (ibi tí irin ìbọn jókòó sí, tẹ́ ẹ fi ń gbá a mọ́ èjìká), tàbí pé bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ìbọn lé àpò yanrìn ń yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ ìbú ni wọ́n tò, ẹ fura sí atẹ́gùn, ẹ tún fura sí ìka tẹ́ ẹ fi ń fa tírígà, bóyá ńṣe lẹ̀ ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn kì í ka atẹ́gùn sí, àmọ́ atẹ́gùn máìlì 10 láàárín wákàtí kan tó ń fẹ́ látẹ̀gbẹ́ tààrà á ti ọta .308 (orúkọ irú ọta kan ni, bíi .223 àti .30-06 tẹ́ ẹ máa rí níwájú) ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì ní 100 yáàdì, tó bá fi máa di 300 yáàdì ó ti tó ínǹṣì 7. Tí ihò bá sì pín sójú méjì, mẹ́ta níbí, méjì lọ́hùn-ún, tí kò sí nǹkan kan láàárín, ohun kan nínú ìbọn yẹn ló ní ìjókòó méjì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín ló ń bọ́ sórí ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ni sukúrúù, torí pé òfìfo lowó ẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ̀bi jù. Sikóòpù jókòó lórí irin kan tí wọ́n fi sukúrúù mọ́ ìbọn, òrùka méjì sì dì í mú lórí irin náà. Ẹ wo ìṣirò yìí: ká ní òrùka méjèèjì fi ínǹṣì 5 jìnnà síra, tí ọ̀kan bá yẹ̀ ní ìdá kan péré nínú ínǹṣì tẹ́ ẹ pín sọ́nà 1,000, ọta máa yẹ̀ ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì ní 100 yáàdì. Irun orí yín nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ! Bọ̀dá kan ní Houston, ìbọn ẹ̀ ní àìsàn kẹta tí mo sọ yẹn, ó ti ra oríṣi ọta mẹ́rin, ó ti ń bá ẹnì kan dúnàádúrà sikóòpù tuntun. A fi ọwọ́ di sikóòpù mú, a mì í, kò mira. Ìgbà tá a yọ òrùka kúrò ló tó hàn, torí pé abẹ́ òrùka iwájú gan-an ni sukúrúù tó di irin ìsàlẹ̀ mú fara pa mọ́ sí, bí mo ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sí i báyìí ìka méjì ni mo fi yí i. Ẹni tó bá a tò ó ní ṣọ́ọ̀bù ò dè é, ó kàn fi í lé e ni, òrùka wá bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà ẹ má fọwọ́ mì í lásán kẹ́ ẹ ní ó le. Ẹ tú u délẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nu òróró inú ihò sukúrúù kúrò, ẹ tún un dè. Ẹ má fi agbára ọwọ́ díwọ̀n o, sípánà kékeré kan wà tó ń sọ iye tẹ́ ẹ dè é dé, owó ẹ̀ ò tó ti páálí ọta mẹ́ta ìsinsìnyí. Sukúrúù orí òrùka sábà máa ń gba inch-pound (ìwọ̀n agbára tẹ́ ẹ fi ń yí i) 15 sí 18, tẹ́ ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ lè tẹ ọpọ́n sikóòpù wọnú, ìyẹn sì di gbèsè míì. Sukúrúù ńlá tó di ìbọn mọ́ igi ẹ̀ nísàlẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ẹ̀ yàtọ̀ láàárín igi pákó, igi rọ́bà àti èyí tí wọ́n fi irin sínú ẹ̀, inú ìwé tó bá ìbọn wá lẹ ti máa rí i. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì fa ilà tín-ín-rín kan látorí sukúrúù bọ́ sára irin. Lọ́jọ́ míì tí ilà yẹn ò bá bára mu mọ́, ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó ti yí. (Màdámú á bèèrè ohun tẹ́ ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì òun ṣe, ẹjọ́ tiyín nìyẹn.)

Igi ìbọn ló kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ráífù òde òní, wọn ò fẹ́ kí bárẹ́ẹ̀lì fara kan igi rárá látibi tó ti jáde lára ìbọn títí dé iwájú, torí pé bárẹ́ẹ̀lì máa ń gbọ̀n tí ọta bá ń gba inú ẹ̀ kọjá, gbígbọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ rí bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ mú owó dọ́là kan, ẹ fi sáàárín bárẹ́ẹ̀lì àti igi níwájú, ẹ máa fà á bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni wọ́n ti fara kanra. Igi pákó gidi máa ń wú bí ilẹ̀kùn pátákó ṣe máa ń wú lásìkò òjò tí kò ní tì mọ́, ìbọn tó sì dáa ní àgbègbè tó gbẹ níwọ̀ oòrùn Texas lè di ọ̀tá yín tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ sí. Igi rọ́bà olówó pọ́ọ́kú náà ní tiẹ̀, kì í wú àmọ́ ó máa ń tẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ìwọ̀n ara yín lé e lórí àpò yanrìn ó lè tẹ̀ wá kan bárẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má kàn mú sáńdípépà kẹ́ ẹ máa ha á, torí àwọn ìbọn kan wà tí ilé iṣẹ́ dìídì fi ibi kékeré kan sílẹ̀ níwájú kó máa ti bárẹ́ẹ̀lì sókè, tẹ́ ẹ bá ha ìyẹn kúrò ẹ ti bà á jẹ́ fúnra yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí rèé. Ẹ gbé ìbọn náà nàró, ìdí ẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi ìka ìlábẹ̀ yín sí ojú ibi tí igi iwájú àti bárẹ́ẹ̀lì ti pàdé, kí ìka yẹn kan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kejì máa tú sukúrúù iwájú nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún máa dè é padà. Tí ìka yín bá mọ̀ ọ́n lára pé bárẹ́ẹ̀lì ń ta kúrò lára igi tàbí ń sún mọ́ ọn, ìbọn yẹn ò jókòó dáadáa nínú igi ẹ̀, ńṣe ni sukúrúù ń fipá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tó máa ń mú ihò pín sójú méjì nìyẹn. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ni, wọ́n á da kẹ́míkà kan tó máa ń le sí abẹ́ ẹ̀ kó bàa lè rí ibi jókòó gírígírí.

Ooru ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bárẹ́ẹ̀lì ìbọn ọdẹ tín-ín-rín kó lè fúyẹ́ lójú ìrìn, tẹ́ ẹ bá yìn ín léraléra nínú oòrùn á gbóná, tó bá gbóná ó lè máa tẹ̀ síbì kan. Ẹ ṣí ìdí ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù láàárín ọta kan sí èkejì, tẹ́ ẹ ò bá lè di bárẹ́ẹ̀lì mú pẹ́, kò tíì tutù. Ó ṣe tán, ọta àkọ́kọ́ látinú bárẹ́ẹ̀lì tútù ló ń pa ẹran, kì í ṣe ìkẹjọ.

Ọta ńkọ́? Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó bá a lára mu, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún yín ṣáájú. Kẹ́ ẹ máa da 150 grain mọ́ 180 grain (grain ni wọ́n fi ń sọ bí ọta ṣe wúwo tó), kẹ́ ẹ máa ra ti ilé iṣẹ́ kan lónìí, ti òmíràn lọ́la, kẹ́ ẹ sì retí kí wọ́n bà sójú kan náà, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe. Àní ilé iṣẹ́ kan náà gan-an, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ń sọ àkókò tí wọ́n ṣe é pa pọ̀, tó bá yàtọ̀ ẹ dán an wò lákọ̀tun. Ìlọ́po ilà inú bárẹ́ẹ̀lì náà tún ní ohun tó lè gbà: ìbọn .223 tí ilà ẹ̀ ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ínǹṣì 12 ò lè yí ọta gígùn tó wúwo tó bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ́ rí i lórí pépà pé ihò ò rí roboto mọ́, ó gùn, torí pé ọta ń fẹ̀gbẹ́ wọlé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: orúkọ tó wà lára bárẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá ti ara ọta mu délẹ̀délẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó máa bà mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Fífọ̀ ìbọn, ọ̀nà méjì ló ń gbà dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀lẹ àti aṣejù. Ọta máa ń fi bàbà ara ẹ̀ silẹ̀ nínú ilà, tó bá pọ̀ jù ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká. Ẹ ra kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà, ẹ fi àkísà tì í wọlé, tó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ búlúù bàbà ṣì wà níbẹ̀. (Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì onídẹ lẹ lò, búrọ́ọ̀ṣì gan-an lè sọ àkísà di búlúù, kẹ́ ẹ máa fọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.) Aṣejù ní tiẹ̀, ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tónítóní tí wọ́n fi òróró sínú ẹ̀, ọta àkọ́kọ́, bóyá ìkejì pàápàá, sábà máa ń lọ síbòmíì. Ẹ nu òróró yẹn kúrò, ẹ yin ọta kan tàbí méjì dànù kẹ́ ẹ tó dájọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sóko bẹ́ẹ̀ láìtún un fọ̀. Ìdí ìbọn ni kẹ́ ẹ ti máa ki ọ̀pá ìfọbọn wọlé, ẹ má ti ẹnu ẹ̀ kì í. Etí ẹnu ìbọn yẹn ni ohun tó kẹ́yìn tó fọwọ́ kan ọta, tí ibì kan bá ha lára ẹ̀, gáàsì á tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú ìkejì, á sì ta ọta nípàá nídìí.

Ó wá kan ẹni tó ń yìn ín, ibẹ̀ làwọn ọkùnrin ò ní fẹ́ gbọ́. Ìbọn .30-06 tó fúyẹ́ ń gbá èjìká gan-an, ara á sì kọ́ láti máa sá kó tó gbá a, ojú á pa dé, èjìká á ti iwájú, ẹni náà ò ní mọ̀ rárá. Ẹ ra ọta òfìfo tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò, kí ẹlòmíì máa bá yín ki ìbọn, kó máa da ti gidi mọ́ òfìfo láìsọ fún yín. Tó bá kan òfìfo, tí ìbọn dún "kẹ́" lásán, tí ẹnu ẹ̀ sì rì wọlẹ̀ bí ẹni kí àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ fi sikóòpù sílẹ̀. Ẹ máa lo ohun ìdití tó dáa, kódà kẹ́ ẹ lo méjì pa pọ̀, ariwo náà wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba ara. Ẹ sì gbé igi iwájú lé àpò yanrìn, kì í ṣe bárẹ́ẹ̀lì, ibi kan náà nígbà gbogbo. Ẹ tún lè fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn jù yín lọ kó yin márùn-ún wò. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa gbé ìbọn lé lọ́wọ́ o: ẹni tó fi físà onígbà díẹ̀ wọ Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kó ní ìbọn lọ́wọ́ àyàfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ.

Sikóòpù fúnra ẹ̀ lè ṣàìsàn lóòótọ́. Ẹ gbé ìbọn lé àpò yanrìn kó dúró pa, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ wo inú sikóòpù kẹ́ ẹ máa mi orí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tí àmì àgbélébùú inú ẹ̀ bá ń rìn lórí pépà bí orí yín ṣe ń mì, ibi tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé máa yí ibi tẹ́ ẹ fojú sùn padà. Ọ̀pọ̀ sikóòpù ọdẹ, 100 yáàdì ni wọ́n tò ó sí kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀ ni ìdánwò 50 yáàdì fi máa ń tan èèyàn. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe gbogbo ti sukúrúù tán tí ó ṣì ń ṣí kiri, ẹ yá sikóòpù tó dá yín lójú lára ìbọn míì, ẹ gbé e sí i, ẹ yìn ín wò. Ìyẹn nìkan lẹ yí padà o! Ẹni tó bá pààrọ̀ ọta, tó fọ ìbọn, tó tún de sukúrúù lọ́jọ́ kan náà, tó bá dáa kò ní mọ èyí tó tún un ṣe, tó bá tún bà jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn, kó fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú bárẹ́ẹ̀lì, kó sì wo etí ẹnu ẹ̀. Owó gígé etí ẹnu ìbọn lákọ̀tun kéré púpọ̀ sí ti bárẹ́ẹ̀lì tuntun. Tó bá jẹ́ .308 lẹ ní, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ rà á ní tuntun, tó sì jẹ́ páálí ọta méjì péré lẹ̀ ń yìn lọ́dún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bárẹ́ẹ̀lì fún yín pé tiyín ti gbó. Bárẹ́ẹ̀lì .308 sábà máa ń yin ọta bí 5,000 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtakuta.